Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Gbà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè fún Ọlọ́run tó dá ahọ́n, tó sì tún ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò lè rò ó. Ògo ni fún un! Ìyìn ni fún un! Tí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ibòmíràn ni à bá máa sọ̀rọ̀ mi lónìí, kì í ṣe níbí.

Inú ìwé ni mo kọ ẹ̀rí yìí sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, Màmá Nọ́ọ̀sì sì bá mi tún un ṣe. Tí ẹ bá rí i tí mo dúró láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má bá mi parí rẹ̀. Màá rí i.

Èmi ni Ìdòwú, ọmọ Ìyá Ìbejì tó ń ta ẹ̀pà sísun níbí ní Iléṣà. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n mi, àwọn méjèèjì ti wà nílé ọkọ. Ìyá mi ní ẹnu àwọn méjèèjì yá láti kékeré, àfi bí ẹyẹ. Nígbà tí èmi dé, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin kí n tó pe ìyá mi ní màámi. Àwọn ènìyàn ní, “Ìdòwú kọ́? Orí kunkun ló ń ṣe é. Ó gbọ́, kò fẹ́ dáhùn ni.” Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Mo ń gbọ́ o. Etí mi kò di. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ń bá mi sọ̀rọ̀ gígùn, màá mú ọ̀rọ̀ tó ṣáájú, màá mú èyí tó kẹ́yìn, gbogbo èyí tó wà láàárín á ti kọjá lọ kí n tó bá a. Tí èmi náà bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wà nínú mi, kò ní jáde bí mo ṣe fẹ́. Òyìnbó wọn ní ilé ìwé, kò yé mi. Yorùbá wọn, ìdajì rẹ̀ kò yé mi. Ìjẹ̀ṣà tí ìyá mi ń sọ wìtìwìtì tí inú bá ń bí wọn, ìyẹn ló wá burú jù. Tísà kan ní kí n máa lọ jókòó lẹ́yìn, kí n má dí àwọn tó fẹ́ kàwé lọ́wọ́. Mo parí ìwé kẹfà, mo sì jókòó sílé.

Ohun kan ṣoṣo wà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Tí àgbàlagbà bá ti bi mí ní nǹkan, màá kúnlẹ̀, màá wo ilẹ̀, màá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Háà, inú wọn á dùn! “Ẹ wo ọmọ! Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé! Àwọn tiwa ń já ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu.” Wọ́n á fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, wọ́n á lọ. Mo ti dán èkejì wò rí. Mo ti sọ fún tísà pé kò yé mi, ó tún un sọ, ó pariwo, ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì nà mí. Nítorí náà mo yan bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà títí mo fi di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí àgbà kankan tó bi mí ní ìbéèrè tí mo sọ pé rárá fún. Ọ̀rọ̀ tó yé mi, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí kò yé mi, bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó fura, nítorí ọmọ tó bá kúnlẹ̀ tó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ta ló máa wádìí rẹ̀?

Ìyá mi wá mú mi lọ sí Òṣogbo, lọ́dọ̀ Àlájà kan tó ń ránṣọ ní Igbona, pé kí n kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ mi dá o, ẹ̀yin ará. Tí Àlájà bá ṣe nǹkan lójú mi lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Àlájà kì í fi ọwọ́ rán ènìyàn níṣẹ́, ẹnu ni, orí ìjókòó ni wọ́n á sì ti to iṣẹ́ márùn-ún pọ̀. Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni mà, màá wá máa ṣọ́ Rúkáyà, ọmọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí n lè rí ohun tí òun fẹ́ ṣe. Rúkáyà kò pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Ó sọ mí ní Bẹ́ẹ̀-ni-mà. Á dúró níwájú àwọn oníbàárà, á ní, “Bẹ́ẹ̀-ni-mà, ṣé ewúrẹ́ ni ọ́?” Èmi á rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan báyìí, Àlájà ń jáde lọ, wọ́n ti wọ bàtà tán. Àwọn fúnra wọn ló tún ọ̀rọ̀ náà rò fún mi lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Ìdòwú, léèsì Màmá Àbẹ̀rẹ̀ wà nínú ọ̀rá dúdú yẹn, má tíì gé e o, ti àǹkárá orí tábìlì ni kó o kọ́kọ́ gé, apá rẹ̀ nìkan, tó o bá ṣe tán kó o wá pàdé mi lọ́dọ̀ oníbọ́tìnnì. Ṣé o gbọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ohun tó dúró sí mi lórí ni léèsì, ọ̀rá dúdú, gé e, àti oníbọ́tìnnì. Rúkáyà kò sí nítòsí. Mo gé léèsì náà.

Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Àbẹ̀rẹ̀ ló ni ín, ìdúpẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí Àlájà dé, wọ́n di orí mú. “Mo ní kó o má gé e! Ṣé o ò gbọ́ pé kó o má gé e ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. “O gbọ́, o wá gé e?” Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àlájà ń wò mí bí ẹni pé wọn kò rí mi rí.

Láti ọjọ́ náà ni àyà mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Tí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu, kó tó sọ nǹkan rárá, ọkàn mi á ti máa lù kìkìkì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, n kò ní lè di abẹ́rẹ́ mú. Oúnjẹ kò lọ mọ́. Oorun kò wá. Màá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń da èkísà sí, kí wọ́n má baà rí mi bá sọ̀rọ̀. Àlájà kò fi ìbínú lé mi o. Wọ́n pe ìyá mi, wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ wá mú ọmọ yín lọ sinmi. Orí ọmọ yìí kò sí níbí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà mí.”

Mo padà sí Iléṣà, mo sì sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, n kò lè dìde. N kò wẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé kí n lọ síbi tí ẹnì kankan kò ti ní bi mí ní ìbéèrè mọ́ láéláé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Àkókò yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ìyá mi wú. Ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọn kò lè lọ ta ẹ̀pà. Aládùúgbò wa kan wá ní, “Ìyá Ìbejì, ọmọ dé láti Òṣogbo, kò sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ yín wú. Ẹ ò ro nǹkan sí i?” Ó mú wa lọ sí orí òkè àdúrà kan lẹ́yìn ìlú, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ríran. N kò ní dárúkọ wọn. Mo gbà pé òótọ́ inú ni wọ́n fi ṣe é.

Ọjọ́bọ̀ ni. Àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ti gbé mi sáàárín. Ìyá Wòlíì di orí mi mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lókè lókè, òmíràn Yorùbá, òmíràn èdè ẹ̀mí. Gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra wọn. Tí wọ́n bá ti dákẹ́ díẹ̀, mo mọ̀ pé ìbéèrè ni wọ́n bi mí, wọ́n ń retí èsì. Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe.

“Ṣé wọ́n ti fún ọ jẹ lójú oorun, tí o sì ti bá wọn dá májẹ̀mú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé ìwọ lo so ẹsẹ̀ ìyá tó bí ọ mọ́lẹ̀, kó má baà rìn lọ síbi ire?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ìyá mi ló kígbe. Igbe yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti sọ nǹkan burúkú. N kò mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ lọ bá wọn, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n ń fi ọwọ́ lé mi bí ẹni ń lé adìyẹ.

Ilé ni wọ́n ti wá rò ó fún mi díẹ̀díẹ̀, tẹkúntẹkún. Wọ́n ní mo ti fi ẹnu ara mi gbà pé àjẹ́ ni mí. Ìyá Wòlíì fún mi di ọjọ́ Àìkú. Kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu, kí n padà wá sórí òkè kí n tú ẹsẹ̀ ìyá mi sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Tí n kò bá tú u, kí ìyá mi má jẹ́ kí n tún sun inú ilé rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará, báwo ni mo ṣe máa tú ohun tí n kò so?

Ìyá mi kó ẹní wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ sí pálọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe fa àga ti ilẹ̀kùn náà. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo bu omi fún wọn láti fi wẹ ẹsẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n dúró kí n yí ẹ̀yìn padà, wọ́n sì dà á nù. Mo rí wọn. Ìyá mi, tó bí mi, ń bẹ̀rù mi. Ìyẹn dùn mí ju ààwẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo gbàdúrà. Ẹ má rò pé àdúrà tó gún ni o. N kò lè to ọ̀rọ̀ bí ẹ̀yin ṣe ń tò ó. Mo kàn dojú bolẹ̀, mo ń wí pé, “Jésù, kò yé mi. Jésù, kò yé mi.” Ohun tí mo wí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí tísà yẹn ti nà mí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Jésù ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo tún sọ ọ́ fún. Kò pariwo mọ́ mi!

Ní Sátidé, ìyá mi ní kí n wọ aṣọ, pé a ń lọ rí Pásítọ̀ wa. Wọ́n fẹ́ kí Pásítọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó lé mi jáde. Àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, a bá Màmá Nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Gbogbo yín ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn ni olórí àwọn ìyá nínú ìjọ, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n mú wá fún Pásítọ̀, wọ́n ti fẹ́ máa lọ. Ìyá mi ní kí wọ́n jókòó, kí àwọn náà gbọ́. Ìyá mi ro gbogbo rẹ̀. Pásítọ̀ yíjú sí mi. “Ìdòwú, ṣé òótọ́ ni ohun tí ìyá rẹ sọ yìí, pé o wà nínú ẹgbẹ́ àjẹ́, àti pé ìwọ lo wà nídìí ẹsẹ̀ wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Pásítọ̀ rọra gbé bírò wọn sílẹ̀. Ìyá mi bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n Màmá Nọ́ọ̀sì ń wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n. Wọ́n ní, “Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n bi ọmọ yìí ní nǹkan kan.” Wọ́n kọjú sí mi. Ohùn wọn kò yàtọ̀ sí ti Pásítọ̀, bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ ńlá bá wà nílẹ̀.

“Ìdòwú, ṣé ìwọ lo kọ́ ilé ìjọsìn yìí kí wọ́n tó bí ọ, tí o tún kan páànù lé e?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Èmi tí mo jókòó yìí ńkọ́, ṣé ìwọ lo bí mi, tí o rán mi lọ sílé ìwé nọ́ọ̀sì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ṣé Pásítọ̀ yìí ti kú, ṣé òótọ́ ni pé ìwọ lo gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin wọ́n sí lánàá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Háà! Màmá!” Pásítọ̀ dìde dúró.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ ò kú.” Màmá Nọ́ọ̀sì yíjú sí ìyá mi. “Ìyá Ìbejì, ẹ nu ojú yín kí ẹ gbọ́ mi. Àjẹ́ yín rèé. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó bí mi, ó sin Pásítọ̀. Èwo nínú rẹ̀ lẹ fẹ́ gbà gbọ́?”

Ìyá mi fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n ń wò mí.

Màmá Nọ́ọ̀sì fa àga wọn sún mọ́ mi, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ọ̀rọ̀ wọn wá kúrú. Wọ́n ń dúró láàárín.

“Ìdòwú. Wò mí. Mi ò ní bínú. Ohun tí mo bi ọ́ yẹn. Ṣé ó yé ọ?”

Bẹ́ẹ̀ ni ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Pásítọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá na ìka kan sí wọn, wọ́n dákẹ́. Mo wo ojú Màmá, kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sì sí ìkánjú.

Mo ní, “Kò yé mi, mà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti kékeré, mà.”

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, mo sọ ọ́! Ẹnu mi ni mo fi gba ẹ̀sùn náà, ẹnu yìí náà ni Ọlọ́run fi tú mi sílẹ̀. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n ń pe orúkọ mi. Pásítọ̀ gbàdúrà, Màmá Nọ́ọ̀sì sì bọ́ sóde lọ ra búrẹ́dì àti tíì fún mi. Wọ́n ní ààwẹ̀ ti parí.

Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn méjì wá láti orí òkè láti mú mi. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú yẹn, wọ́n ní, “Ọmọ mi kò lọ. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Wòlíì.” Àwọn yẹn sọ pé ojú wa máa rí i. Ìyá mi ní ojú wa ti ń rí i.

Màmá Nọ́ọ̀sì mú àwa méjèèjì lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà lára ìyá mi, wọ́n ti ń lo oògùn. Wíwú ẹsẹ̀ náà ti lọ sílẹ̀, kò tíì tán, a ṣì ń gbàdúrà sí i. Èmi, wọ́n mú mi rí dókítà tó ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì, àti obìnrin kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ran ẹni tí ọ̀rọ̀ ń ṣòro fún lọ́wọ́. Obìnrin náà fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ dán mi wò lọ títí. Ó ní orí mi pé. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí a bí bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kì í tètè wọ̀, tí kì í sì í tètè jáde, pé wọ́n pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Tí a kò bá mọ̀, tí a ń bú wọn, tí a ń nà wọ́n, ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ á gorí rẹ̀. Ó kọ́ mi ní ohun tí màá máa sọ: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan.” Oṣù kan ni mo fi kọ́ ọ kó tó lè jáde níwájú àgbàlagbà láìsí pé mo ń gbọ̀n.

Mo ti padà sí Igbona. Nígbà tí Àlájà gbọ́, wọ́n fi ọwọ́ lé àyà. “Subuhanallahi! Ìdòwú! Ọdún méjì, o ò ṣe sọ fún mi?” Lẹ́yìn náà wọ́n ronú, wọ́n ní, “Èmi náà ò bi ọ́ dáadáa.” Ní báyìí, iṣẹ́ kan ni wọ́n ń rán mi lẹ́ẹ̀kan, èmi á sì sọ ọ́ padà fún wọn kí n tó dìde. Rúkáyà kò yí padà o. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, “Ẹ má bá Ìdòwú sọ̀rọ̀ gígùn o, á ní kí ẹ padà bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì.” Mo ń rẹ́rìn-ín, èyí yé mi.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ìwàásù ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìdajì rẹ̀ kò yé mi, Pásítọ̀, ẹ má bínú, sà. Àwọn òwúrọ̀ kan ṣì wà tí ara mi wúwo. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ wà láàyè. Ẹ bá mi yin Olúwa fún ìyẹn!

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Tí ọmọ bá dákẹ́, ẹ má yára pè é ní olóríkunkun, ẹ má yára pè é ní ẹlẹ́mìí. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan, kí ẹ sì dúró.

Ó ku ọ̀kan. Lẹ́yìn tí a ti ọsibítù dé, ìyá mi bi mí lẹ́bàá ààrò pé, “Ìdòwú, ṣé o ti dárí jì mí?” Ìbéèrè náà kúrú, ó yé mi dáadáa. Mo ní, “Rárá, mà. Kò tíì kúrò nínú mi.” Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi, tó o sọ òótọ́ fún mi.” Wọn kò bi mí mọ́. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni sí mi, wọn kò bínú. Wọ́n ń dúró. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi dúró dè mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí, mo wálé láti Òṣogbo, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà. Mo jókòó, mo bá wọn fẹ́ ẹ díẹ̀. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo la ẹnu. Mo ní, “Màámi, ó ti kúrò nínú mi. Mo ti dárí jì yín.”

Ìyá mi ló jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún yẹn, tó ń fi gèlè nu ojú. Màámi, ẹ dìde, ẹ wá. Ẹ̀yin ará, ẹ bá èmi àti ìyá mi jó, ẹ bá wa gbé Jésù ga, ẹni tí mo sọ fún pé kò yé mi, tó sì dúró tì mí títí ó fi yé mi.